Lẹ́tà Méjì Tó Kù Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi kọ́ńpáàsì pa ìlú run ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú sáà ẹ̀kọ́, tí yóò sì jẹun ọ̀sán ní aago kan géérégé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní yunifásítì. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta nípa rẹ̀, àti bí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe ń fi í dẹ́rù ba ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà jù ú. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Bọ́ǹbù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Tí wọ́n bá dé iwájú rẹ̀, ó di "Sà". Ó mọ̀. Ó tilẹ̀ ti jẹ́ Bàbá Bọ́ǹbù yẹn nígbà mélòó kan tí ọkàn rẹ̀ ò sí nílé.

Ó ga, ó gbẹ, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ọ̀pá tí ẹnì kan fi ti ògiri tó sì gbàgbé síbẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì kí òun tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọdún kan wà tó wúkọ́, ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta já bọ́ láti ara pátákó, ìkẹrin sì fúnra rẹ̀ kọ déètì ọjọ́ náà. Ti ìkẹrin yẹn lè jẹ́ àsọdùn. Ti mẹ́ta àkọ́kọ́, òótọ́ ni.

Kíláàsì rẹ̀ wà ní àjà kejì, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì tán. Nígbà òjò, àwọn tó bá jókòó lápá òsì á fi ìwé borí, wọ́n á sì máa kọ nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kù. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn, á na àwòrán ìlú mọ́ pátákó, á fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì gún orí yunifásítì gan-an, á sì ya òbíríkítí mẹ́rin yí i ká. Ẹni tó bá wà nínú èyí tó kéré jù ò ní mọ̀ pé òun ti kú. Ẹni tó wà nínú ìkejì, ilé á wó lù ú. Nínú ìkẹta, iná. Ẹni tó wà nínú ìkẹrin, májèlé inú afẹ́fẹ́ á pa á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó yá, ẹ wá ilé yín."

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ wa dá lé yìí, ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Rédíò, torí pé kò síbi tí wọ́n ti ń pa á. Tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, àwọn tó wà ní ilé kejì á máa dá a lóhùn. Ó sáré lọ síbi àwòrán náà, ó fi ìka wá a títí, ó sì fò sókè.

"Sà! Ilé wa wà níta!"

"Níta kí ni?"

"Níta òbíríkítí tó kẹ́yìn, sà! Ìdajì ìka báyìí ló fi bọ́. Èmi àti bàbá mi, a ti yè é!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Bọ́ǹbù tò gíláàsì ojú rẹ̀ dáadáa, ó yẹ ibi tó nawọ́ sí wò. Òótọ́ ni.

"Kò burú," ó wí. "Á jẹ́ pé ìwọ lo máa sin àwa yòókù nìyẹn."

"Màá sin yín dáadáa, sà. Màá sì sunkún débi pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa ní kí n dákẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ní sáà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ná ti sáà yẹn tán lọ́jọ́ kìíní. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò tíì mọ̀ pé òun ti jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ọ̀sẹ̀ lẹ́tà. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe é, kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ rí. Á pín bébà kan náà fún kálukú, pẹ́ńsù kan náà, àpò lẹ́tà kan náà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tó gbẹ. Lẹ́yìn náà á ti ilẹ̀kùn, á sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni olórí orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀tá ti ju bọ́ǹbù. O ti kú, ìlú ti kú, ẹni tó yẹ kó sin yín náà ti kú. Àmọ́ ọkọ̀ ogun rẹ kan ṣì wà nísàlẹ̀ òkun, bọ́ǹbù tìrẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ò rí ẹni bi léèrè mọ́. Ó ṣí àpótí irin, ó bá lẹ́tà tí o ti kọ sílẹ̀ fún un nígbà tí o wà láàyè. Kí lo ní kó ṣe? Kó ju tirẹ̀ padà ni, àbí kó má jù ú?"

Kò gbọdọ̀ sí orúkọ lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àmì. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó kọ fún ẹlòmíì, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe òbí. Òun náà á kọ tirẹ̀, á dà á pọ̀ mọ́ tiwọn, á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin ní ọ́fíìsì rẹ̀, á sì tì í pa. Ní ìparí sáà, á kó wọn sínú garawa kan lẹ́yìn ilé, á ṣá ìṣáná sí wọn níṣojú gbogbo kíláàsì. Ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n.

"Sà, ẹ ò ní kà á rárá?" Rédíò bi í.

"Mi ò ní kà á."

"Kí wá ni wàhálà wa fún?"

"Lẹ́tà tí èèyàn bá mọ̀ pé wọ́n máa kà, irọ́ ló máa ń pa síbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kà, ibẹ̀ lo ti máa bá ara rẹ pàdé."

"Tí ẹ bá wá yọ́ ṣí i ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo kọ́ yín, irọ́ ni. Ìdí tí àwọn èèyàn yìí ò fi tíì pa ara wọn tán ni pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹnì kejì sì gbà pé bó ṣe sọ ọ́ ló máa ṣe é. Tí ọ̀rọ̀ èèyàn ò bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́, bọ́ǹbù nìkan ló kù."

Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ ọ́ lọ́dún yẹn. Pẹ̀lú tirẹ̀, lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n ló wọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ibà mú Rédíò ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ní kó sinmi. Ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ò jáde, gbogbo ilé sì ń bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ibẹ̀ fi dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kẹrin, kò sí mọ́.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá Bọ́ǹbù dúró sí níbi ìsìnkú náà. Òjò ń fọ́n. Ẹnikẹ́ni ò sunkún sókè. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan ké, ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àwòrán ìlú sì ń padà sí i lẹ́nu bí ìtọ́ kíkorò. Ìwọ lo máa sin àwa yòókù.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kúkúrú kan tí apá rẹ̀ nípọn bí ìtì igi wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Òòlù kan yọrí nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa na ara mọ́tò tó bá ti rún padà sí bó ṣe wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ohùn náà mì fèrèsé. "Èmi ni bàbá ọmọ yín tó kú!"

Olùkọ́ dìde. "Bàbá, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ jókòó."

"Ẹ gbóhùn sókè! Òòlù ti jẹ etí mi!"

"Mo ní ẹ jókòó!"

Ó jókòó. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ wá mọ ibi tí Rédíò ti rí ohùn rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bẹ́ẹ̀, ó ní láti kígbe kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ.

Bàbá náà mú bébà kékeré kan jáde láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: *Ọmọ yín ti kú.*

"Wọ́n pè mí lórí fóònù. Èmi ò lè gbọ́ fóònù. Ọmọ ilé kejì ló bá mi gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sínú bébà yìí. Bébà kan ṣoṣo tí mo ní nípa ọmọ mi nìyí. Kì í kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sísọ ló ń sọ. Gbogbo ohun tó kọ wà nínú fóònù rẹ̀, fóònù sì ti tì pa, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tó fi tì í." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó sọ fún mi pé òun kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ó ní mo wà nínú rẹ̀. Mo ní, kí lo sọ nípa mi? Ó ní olùkọ́ àwọn ní àwọn ò gbọdọ̀ sọ. Ọmọ tí kò lè fi àlá pamọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́! Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, mo ní kó máa gbé àṣírí rẹ̀ lọ síbi tó ti mú un wá. Ohun tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn, Olùkọ́. Òun ló gbé kúrò nílé mi."

Olùkọ́ fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ fún mi ní lẹ́tà náà," bàbá Rédíò wí. "Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ nípa mi."

Ní báyìí, ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n, kò sórúkọ, kò sámì. Kí wọ́n tó rí ọ̀kan, àfi kí wọ́n máa ṣí wọn lọ, lẹ́tà àwọn ọmọ tí olùkọ́ ti ṣèlérí fún pé ojú kankan ò ní kàn án. Ó ní láti ṣàlàyé gbogbo ìyẹn pẹ̀lú igbe. Òun tó jẹ́ pé kì í gbé ohùn sókè, ó kígbe ìlérí rẹ̀ tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi gbọ́ ọ, ìlérí ọ̀hún sì ń dún létí òun fúnra rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Bàbá Rédíò tẹ́tí títí ó fi parí. Ó wá mi orí.

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àwọn èèyàn ń sùn lọ́wọ́ mi," ó wí. "Mi ò wa mọ́tò ẹnikẹ́ni lọ jíṣẹ́ ara mi rí. Ó yé mi." Ó ká bébà rẹ̀. Ó jáde, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kejì, ó tún padà wá. Kò bẹ̀bẹ̀, kò bínú. Ó kàn jókòó pẹ̀lú àpò òòlù lórí itan, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de mọ́tò.

Akọ̀wé ẹ̀ka, obìnrin kan tí etí rẹ̀ gbọ́ràn tó fi kájú ti ẹni tí òòlù jẹ etí rẹ̀, wọlé wá bá olùkọ́. "Sà, lẹ́tà lásán nìyẹn o. Ẹ jẹ́ kí n fi ooru omi gbígbóná tú u. Ẹ kàn wo ibòmíì."

"Rárá."

"Ṣé bọ́ǹbù gidi ló wà nínú rẹ̀ ni?"

Olórí ẹ̀ka pàápàá wá. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ yìí lòun náà nígbà kan, ikùn ló kàn ti wá yọ. "Ẹ ṣí i, sà. Ọmọ ti kú. Ta ló máa bi yín?"

"Ìwọ náà kọ tìrẹ lọ́dún tìrẹ," olùkọ́ wí. "Ká ní mo ti yọ́ ṣí i kí n tó sun ún ńkọ́?"

Nǹkan kan kọjá lójú olórí ẹ̀ka, ó dà bí òjìji ẹyẹ. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ délé, kò lè jẹun. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ló ti ń fi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, nígbà tí èmi ń gba ọmọ sáyé láràárọ̀, ẹ̀yin ń kọ́ wọn bí ayé ṣe máa parẹ́ lọ́sàn-án. Bóyá ìdí tí a fi ń bá ara wa gbé pẹ́ nìyẹn, a ò fẹ́ kí iṣẹ́ ẹnì kankan borí." Ó fa abọ́ oúnjẹ sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó pòṣé.

"Àwọn ọ̀mọ̀wé! Nígbà kan, òjò wọ wọ́ọ̀dù wa. Nọ́ńbà tí a kọ sí ọwọ́ àwọn ọmọ tuntun fọ̀ dànù, ọmọ méjìlá, ojú gbogbo wọn rí bíi ti àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ rò pé a tú wọn wò? A pe àwọn ìyá. Kálukú mú tirẹ̀."

"Wọ́n dá wọn mọ̀?"

"Ìyá wo ni kò ní dá ọmọ rẹ̀ mọ̀? Ọmọ kan ló ṣẹ́ kù. Ìyá tirẹ̀ ṣì ń sùn. Ta la máa bi léèrè ọmọ ta ni? Èyí tó kù ni tirẹ̀." Ó ti ṣíbí sí i lọ́wọ́. "Ó yá, ẹ jẹun."

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ gbé àwọn lẹ́tà náà wọ kíláàsì nínú àpótí páálí. Bàbá Rédíò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Olùkọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó ní kálukú wá mú tirẹ̀ láìṣí i, èyí tó bá kù, ti Rédíò ni.

Ó wá rántí nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ti ilé pa tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ má fi àmì sí i. Báwo lẹ ṣe máa dá tiyín mọ̀?"

Ẹnì kan wúkọ́. Olórí kíláàsì, ọkùnrin tó ti ṣe dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá kó tó padà sẹ́nu ìwé, tí wọ́n fi ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà, dìde díẹ̀díẹ̀.

"Sà, ẹ má bínú. Èmi fi èékánná ha igun tèmi. Ó kéré. Ẹ ò lè rí i."

"Ìwọ?"

"Mo kàn fẹ́ mọ tèmi ni, sà. Tó bá ń jóná."

Ọmọbìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn pé òun fi eyín tẹ tòun. Òmíràn ní òun fi ètè tó lọ́dà kan ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ti fa irun orí kan ṣoṣo, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ àmì tín-ín-rín tó dà bí ẹsẹ̀ èèrà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń gbé àpò lẹ́tà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń mú tiwọn. Gbogbo ọgbọ̀n wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó pa òfin mọ́.

Bàbá Bọ́ǹbù jókòó sórí àga rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ronú kan gbogbo garawa tó ti sun, gbogbo eérú yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé èékánná àti eyín àti irun orí ló ti ń sun.

Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn mú tirẹ̀, lẹ́tà méjì ló kù nínú páálí, méjèèjì mọ́ lóló.

"Sà," Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà wí, "ọ̀kan ló yẹ kó kù."

"Èkejì, tèmi ni."

"Èwo ni tiyín?"

Ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n. Kò fi àmì kankan sí i, torí pé òun ló ṣòfin. Nínú gbogbo wọn, ẹni méjì péré ló pa òfin náà mọ́: ẹni tó ṣe é, àti ọmọ tí gbogbo èèyàn rò pé kò lè pa ohunkóhun mọ́.

Ó gbé lẹ́tà méjèèjì jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kígbe ọ̀rọ̀ náà sí etí bàbá Rédíò: ọ̀kan nínú wọn, ti ọmọ yín ni, ìkejì, tèmi, mi ò sì mọ èwo ni èwo.

"Kí ló dé tí ẹ ò dá tiyín mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ẹ ṣí wọn. Mo gbà."

Ọwọ́ tó ń na irin yẹn tú àpò àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń ṣí ojú ọmọ tó ń sùn. Bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú àwọn tí kò gbọ́ràn, kò mọ bí ohùn òun ṣe ń ròkè tó. Ó kà á sókè. Akọ̀wé gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Olórí ẹ̀ka gbọ́ ọ. Gbogbo ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ tó fún mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì gbọ́ ọ.

"*Má jù ú padà. Gbogbo ohun tí mo sọ nígbà tí mo wà láàyè, mo kàn fi dẹ́rù bà wọ́n ni.*"

Ó yí bébà náà padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí. "Èyí kì í ṣe ọmọ mi," ó wí. "Ọmọ mi ò lè sọ̀rọ̀ kó kúrú báyìí."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo wọn wà lára Bàbá Bọ́ǹbù, ọkùnrin tó ti fi ọ̀sẹ̀ méje kọ́ wọn pé ẹni tó bá halẹ̀ gbọ́dọ̀ múra tán láti ṣe é.

"Sà," Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà wí jẹ́jẹ́, "tí ọ̀tá bá gbọ́ ìyẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́ ọ báyìí," olùkọ́ wí. Ó fara ti ògiri.

Bàbá Rédíò ti ń ṣí èkejì. Bébà yẹn kún láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó wọ ẹ̀gbẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bíi ti àkọ́kọ́:

"*Ọ̀gá ọkọ̀, ẹ kú ewu omi. Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya ilé wa. Ó wà níta òbíríkítí tó kẹ́yìn, ìdajì ìka ló fi bọ́. Bàbá mi máa wà níbẹ̀...*"

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ò tíì gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí, òun náà ò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Olùkọ́ nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́ ìyókù.

"*Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn, ó ṣeé ṣe kó má tíì mọ̀ pé ayé ti parẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kò ní gbọ́. Òòlù ni kí ẹ fi kàn án. Tó bá jáde, ẹ má sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Tí inú bá ń bí i, ẹ má dá a lóhùn, kì í pẹ́. Ẹ jókòó tì í, kì í fẹ́ dá wà ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá ṣì fẹ́ ju bọ́ǹbù yín, òun ni kí ẹ bi. Ohun tó bá ní kí ẹ ṣe, òun ni mo wí.*"

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i láìlanu. Ó wo olùkọ́.

"Tí inú bá ń bí i," ó wí. "Ṣé ó mọ̀ pé kì í pẹ́?"

"Ó mọ̀, bàbá. Ó kọ ọ́."

Ó ká lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Ó wá mú ti olùkọ́ náà, ó kì í bọ inú àpò kan náà.

"Bàbá, èyí yẹn, tèmi ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú méjèèjì. Òun náà ò fẹ́ dá wà." Ó gbé àpò òòlù kọ́ èjìká, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí òjò fi gbà á.

Ní ìparí sáà, garawa wà lẹ́yìn ilé, ìṣáná wà lápò olùkọ́. Kò sí nǹkan kan láti sun. Àwọn ọmọ dúró díẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀ garawa, wọ́n sì tú ká láìdágbére. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan ti ṣí tiwọn, wọ́n kà á, ó sì ti kó ìtìjú bá wọn. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà jẹ tirẹ̀ mì pẹ̀lú omi. Ìyẹn lè jẹ́ àsọdùn. Ṣùgbọ́n inú rírun mú un lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, olùkọ́ tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì oúnjẹ. Ihò ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì ti gbòòrò lórí yunifásítì, torí ibi kan náà ló ti ń gún láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wọn ìdajì ìka kúrò lára òbíríkítí tó kẹ́yìn, ó kọ orúkọ àdúgbò ibẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di oúnjẹ sínú abọ́ onídèérí fún un. Kò béèrè ibi tó ń lọ. Nígbà tó rí i tó ń wá nǹkan nínú àpótí irinṣẹ́, ó kàn wí pé:

"Èyí tó tóbi ni kí ẹ mú, bàbá àwọn ọmọ."

Òjò ò tíì dá. Ó béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí ilé náà, pẹ̀lú ara mọ́tò mẹ́ta tó rún níwájú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Gbogbo ara rẹ̀ ti tutù. Ó gbé abọ́ oúnjẹ sọ́wọ́ òsì, ó mú òòlù jáde, ó sì fi kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, títí àwọn tó wà ní ilé kejì fi yọjú lójú fèrèsé.

"Ta ló ń fọ́ ilẹ̀kùn mi?" ohùn náà bú láti inú ilé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Rédíò wo òòlù náà pẹ́. Ó wo ojú ẹni tó mú un dání, ó wo òjò tó ń kán létí rẹ̀.

"Ọ̀gá ọkọ̀," ó wí. "Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ ni?"

Bàbá Bọ́ǹbù gbé abọ́ náà sókè kó lè rí i.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná!" ó kígbe.